Ṣé O Mọ̀? Ọ̀sà Èkó Lójú Ayàwòrán

Ṣé o mọ̀ pé omi tó ń ṣàn lábẹ́ afárá Odò Ìyá Aláró, láàárín Maryland sí Òjòta, inú ọ̀sà Èkó ló ń wọ̀? Àwa ará Onígbòǹgbò kì í rí ọ̀sà láti ojú fèrèsé wa. Òrùlé páànù là ń rí, àti wáyà iná, àti èéfín jẹnẹrétọ̀, àti sún-kẹrẹ-fà-kẹrẹ ọkọ̀ ní òpópónà Ìkòròdú. Ṣùgbọ́n ìtòsí wa ni odò náà gbà kọjá, tó ru omi ìdọ̀tí ilé iṣẹ́ Ọ̀rẹ̀gùn àti Ìkejà, títí ó fi dé ọ̀sà. Ọ̀sà yẹn kan náà ni ayàwòrán Abíọ́dún Ọlákù ti ń yà fún ọ̀pọ̀ ọdún, ní ìrọ̀lẹ́ àti lóru. Bí wọ́n bá ní ta ló mọ omi Èkó yà jù lóde òní, orúkọ tirẹ̀ ni màá kọ́kọ́ dá.

Ṣé o mọ̀ pé ọdún 1958 ni wọ́n bí Ọlákù, ní Èkó níbí, àti pé ọdún 1981 ló gba ìwé ẹ̀rí HND nínú iṣẹ́ àwòrán ní Yaba College of Technology? Ọdún 1947 ni wọ́n dá ilé ẹ̀kọ́ yẹn sílẹ̀. Láti ibẹ̀ dé Makoko, àdúgbò orí omi létí ọ̀sà, ẹsẹ̀ lásán lèèyàn lè fi rìn ín. Akẹ́kọ̀ọ́ tó bá mú ìwé àti pẹ́ńsù dání kò nílò owó ọkọ̀ kó tó rí omi, ilé orí òpó, ọkọ̀ àjẹ̀ àti èéfín ẹja.

Ṣé o mọ ẹni tó ń darí ẹ̀ka iṣẹ́ ọnà ní Yábà láyé ìgbà yẹn? Yusuf Grillo ni, tí wọ́n bí ní Èkó ní 1934, tó sì di olóògbé ní 2021. Ó lé ní ọdún 25 tó fi wà nídìí iṣẹ́ náà. Búlúù ni àwọ̀ tí wọ́n fi ń dá àwòrán Grillo mọ̀: búlúù lára aṣọ obìnrin, búlúù nínú òjìji, búlúù lójú èèyàn pàápàá. Ọlákù kò bá a dé ìdí búlúù yẹn. Ìmọ́lẹ̀ ló gbájú mọ́ ní tirẹ̀: ibi tí oòrùn bá kù sí lórí omi, àti ibi tí fìtílà bá bẹ̀rẹ̀.

Ṣé o mọ̀ pé àwọn ayàwòrán tó ṣiṣẹ́ ní Universal Studios of Art, ní ọgbà National Theatre ní Ìgànmú, wà lára àwọn tó sọ àwòrán kíkùn di iṣẹ́ tí èèyàn lè fi jẹun láìsí owó oṣù ìjọba? Ọlákù wà lára àwọn tó dá ibẹ̀ sílẹ̀. Kò fi iṣẹ́ olùkọ́ tì í, kò fi iṣẹ́ báńkì tì í. Àwòrán ni iṣẹ́, àwòrán ni owó ilé.

Ṣé o mọ̀ pé ilẹ̀ Èkó kì í fún ayàwòrán ní àkókò púpọ̀ ní ìrọ̀lẹ́? Èkó wà ní ìwọ̀n dígírì 6.5 sí àríwá agbedeméjì ayé, oòrùn sì fẹ́rẹ̀ẹ́ máa ń já ní òòró wọ inú omi. Láti ìgbà tí oòrùn bá ti wọ̀ títí di ìgbà tí ojú ò ní ríran kedere mọ́, bí ìṣẹ́jú 22 ni. Ní London, nínú oṣù kẹfà, ó ń lọ kọjá ìṣẹ́jú 40. Ẹni tó fẹ́ ya ìrọ̀lẹ́ Èkó kò lè dúró ṣọ́ àwọ̀ kan kó sì máa pò ó díẹ̀díẹ̀. Kó tó rí ọ̀dà tó bá a mu, ojú ọ̀run ti di òmíràn. Ìdí nìyí tí iṣẹ́ irú èyí fi ń béèrè ìrántí. Ayàwòrán gbọ́dọ̀ mú ìrọ̀lẹ́ náà lọ sílé lórí, kó sì padà wá lọ́jọ́ kejì, lọ́jọ́ kẹta, kó wò ó bóyá ohun tó rántí rí bẹ́ẹ̀.

Ọ̀pọ̀ èèyàn gbà pé ìmísí a máa já lu ayàwòrán lójijì, tí á sì sáré lọ gbé búrọ́ọ̀ṣì. Èmi ò gbà bẹ́ẹ̀. Ohun tí mo rí nínú iṣẹ́ àwọn tó ń ya omi, nílé àti lókè òkun, ni pé ibì kan náà ni wọ́n ń padà sí. Wọ́n ń wo omi kan náà títí tí omi náà kò fi ní lè fi ohunkóhun pa mọ́ fún wọn. Makoko kan náà, afárá kan náà, wákàtí kan náà.

Ṣé o mọ̀ pé ibi tí òkun ti pàdé ọ̀run kò jìnnà tó bí a ṣe rò? Bí àgbàlagbà bá dúró sétí òkun ní Ẹlẹ́gúṣì, nǹkan bíi kìlómítà 4 àti ààbọ̀ péré ni ìlà yẹn fi jìnnà sí i. Kò tó ìrìn Onígbòǹgbò sí Ojúẹlẹ́gba. Bó bá jókòó sínú ọkọ̀ àjẹ̀, ó sún mọ́ ọn sí i, bíi kìlómítà 3 àti ààbọ̀. Ìlà náà sì máa ń wà ní déédéé ojú ẹni tó ń wò. Bí o bá ga, á bá ọ ga. Bí o bá jókòó, á bá ọ jókòó. Ayàwòrán tó bá ya omi láti orí Third Mainland Bridge yóò rí omi tó tẹ́ sílẹ̀ lọ rẹrẹẹrẹ, ìlà òkè rẹ̀ á sì ga nínú àwòrán. Èyí tó bá wà nínú ọkọ̀ yóò rí omi tín-ín-rín, ilé tó ga fíofío, àti ọ̀run tó gba gbogbo ìyókù. Wo àwòrán omi èyíkéyìí, wá ìlà yẹn, wàá mọ ibi tí ayàwòrán náà wà.

Ta ló kọ́kọ́ kọ́ ọmọ Èkó ní ọgbọ́n yìí nínú ilé ìwé? Àìná Ọ̀nàbólú ni, ọmọ Ìjẹ̀bú-Òde tí wọ́n bí ní 1882. Nígbà tó wà lọ́mọdé, kò sí ilé ìwé tó ń kọ́ni ní àwòrán kíkùn ní ilẹ̀ yìí. Òun ló kọ́ ara rẹ̀, débi pé ní 1906 ó ya àwòrán Ìyáàfin Spencer Savage, èyí tí gbogbo ẹni tó ń kọ ìtàn iṣẹ́ ọnà Nàìjíríà ṣì ń tọ́ka sí. Ní 1920 ó wọkọ̀ ojú omi lọ sí London láti lọ kẹ́kọ̀ọ́, ó dé ní 1922, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í kọ́ àwọn ọmọ ilé ìwé Èkó bí ohun tó jìnnà ṣe ń kéré, bí ojú ọ̀nà méjì ṣe ń fẹ́ pàdé, bí a ṣe ń fi pẹ́ńsù wọn nǹkan láti òkèèrè. Àwòrán èèyàn ni òun fúnra rẹ̀ fẹ́ràn jù. Síbẹ̀ gbogbo ọkọ̀ àjẹ̀ kékeré tó ń lọ réré nínú àwòrán ọ̀sà lónìí, ọgbọ́n tó wọlé nípasẹ̀ rẹ̀ ni wọ́n fi ń yà á.

Ṣé o mọ̀ pé òjìji kì í ṣe àwòkọ? Wo ibi yìí dáadáa, torí ibẹ̀ ni ọ̀pọ̀ àwòrán omi ti ń kú. Bí ògiri funfun bá dúró létí omi, funfun rẹ̀ nínú omi máa ń ṣókùnkùn ju ti òkè lọ, torí omi ti gba díẹ̀ nínú ìmọ́lẹ̀ náà mì. Bí òpó dúdú bá dúró nínú omi, dúdú tirẹ̀ máa ń mọ́lẹ̀ ju ti òkè lọ, torí ìmọ́lẹ̀ ojú ọ̀run ti bá a pò. Ẹni tí kò mọ̀ á kàn dojú ilé náà délẹ̀, á yà á bó ṣe rí lókè, omi náà á sì le bíi gíláàsì. Ti fìtílà tún yàtọ̀. Bí omi bá pa rọ́rọ́, iná kan á fún ọ ní iná kan. Bí atẹ́gùn bá fẹ́ díẹ̀, ìgbì kéékèèké á bẹ̀rẹ̀ sí í mú iná náà lọ́kọ̀ọ̀kan, èyí tó sún mọ́ ọ, èyí tó jìnnà, gbogbo èyí tó bá kọjú sí ọ, títí iná kan ṣoṣo fi máa di ọwọ̀n iná gígùn tó ń já dé ẹsẹ̀ rẹ. Ọwọ̀n yìí ni Ọlákù mọ̀ ọ́n yà. Nínú àwòrán Makoko lálẹ́ tó ń ṣe, fìtílà kan nínú ilé pákó tó láti sọ fún ọ pé omi wà níbẹ̀, pé afẹ́fẹ́ ń fẹ́, pé ẹnì kan ṣì wà lójúfò. Kò nílò láti ya ẹni náà.

Ṣé o mọ̀ pé ọ̀sà Èkó kò jìn? Ní ọ̀pọ̀ ibi, kò ju bíi mítà 1 àti ààbọ̀ lọ. Ìdí nìyí tí wọ́n fi lè rí òpó ilé nà mọ́lẹ̀ nínú rẹ̀, tí ọ̀pá gígùn fi ń ti ọkọ̀ lọ níbi tí a kò ti nílò àjẹ̀.

Ṣé o mọ̀ pé ọ̀sà náà ń yí àwọ̀ padà nínú ọdún? Ní àkókò òjò, omi odò a máa pọ̀ nínú rẹ̀, iyọ̀ a sì dín kù. Nígbà náà ni koríko ojú omi tó ní òdòdó èsè àlùkò máa ń gbalẹ̀, tí apẹja ò ní rí ọ̀nà gbà. Bí ẹ̀ẹ̀rùn bá dé, iyọ̀ òkun á padà wọlé, koríko náà á sì kú. Kì í ṣe ọmọ ilẹ̀ yìí. Gúúsù Amẹ́ríkà ni orírun rẹ̀, ọdún 1984 ni wọ́n sì kọ́kọ́ rí i nínú omi Èkó, tó gba ọ̀nà Badagry wọlé. Àwòrán tó bá ní ewé náà, lẹ́yìn ọdún yẹn ni, àkókò òjò ni.

Ọ̀yẹ́ ńkọ́? Eruku tó ń gbé wá láti aṣálẹ̀, èyí tó pọ̀ jù nínú rẹ̀ láti Bodélé ní orílẹ̀-èdè Chad, máa ń jẹ́ kí oòrùn di róbótó funfun tí èèyàn lè fojú lásán wò. Ó máa ń pa ìlà tó wà láàárín omi àti ọ̀run rẹ́. Ilé tó jìnnà á di àwọ̀ eérú, èyí tó jìnnà jù á pòórá. Ọjọ́ ọ̀yẹ́ kì í pọ̀ ní Èkó, bẹ́ẹ̀ ni ayàwòrán tó bá rí i kò gbọ́dọ̀ fi falẹ̀.

Èéfín ẹja Makoko sì ń ṣe búlúù nígbà tí ẹ̀yìn rẹ̀ bá ṣókùnkùn. Bó bá gun òkè tó bọ́ sí iwájú ojú ọ̀run, á di pupa rúsúrúsú. Èéfín kan náà ni. Lúúlúú inú rẹ̀ ń fọ́n ìmọ́lẹ̀ búlúù káàkiri, ó sì ń jẹ́ kí pupa kọjá, ohun kan náà tó ń mú oòrùn pọ́n nígbà tó bá ń wọ̀.

Ṣé o mọ̀ pé àwọn Ègùn, tí àwọn ẹbí wọn wà ní Badagry àti ní orílẹ̀-èdè Benin, ni wọ́n pọ̀ jù ní Makoko orí omi? Ìgbòkun tí wọ́n ń ta sórí ọkọ̀ lórí ọ̀sà sábà máa ń jẹ́ àpò ìrẹsì tàbí àpò ṣúgà tí wọ́n rán pọ̀. Bí oòrùn bá wà lẹ́yìn rẹ̀, wàá rí ojú ìrán rẹ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan, wàá sì rí lẹ́tà ilé iṣẹ́ tó ṣe àpò náà lódì. Ìyà ló bí ìgbòkun yẹn, mi ò ní sọ pé òṣì lẹ́wà. Ṣùgbọ́n ọwọ́ tó rán an mọ iṣẹ́, ayàwòrán tó bá fẹ́ bọ̀wọ̀ fún ọwọ́ yẹn gbọ́dọ̀ ya ojú ìrán náà bó ṣe wà.

Ṣé o mọ̀ pé ní oṣù keje ọdún 2012, ìjọba wó ọ̀pọ̀ ilé ní Makoko? Lẹ́yìn ìyẹn ni Kúnlé Adéyẹmí, tó jẹ́ ayàwòrán ilé, kọ́ ilé ìwé pákó tó ń léfòó sórí omi níbẹ̀, tí wọ́n parí ní 2013. Òjò ńlá wó o lulẹ̀ ní oṣù kẹfà ọdún 2016, ọdún kan náà tí ẹ̀dà rẹ̀ gba ẹ̀bùn Silver Lion níbi ìpàtẹ iṣẹ́ ilé kíkọ́ ní Venice. Ilé tó ti lọ, ilé ìwé tó ti lọ, èyí tó wà lójú àwòrán ló ṣẹ́ kù. Lójú tèmi, èyí ló jẹ́ kí iṣẹ́ ayàwòrán omi Èkó wúwo ju ẹwà ògiri pálọ̀ lọ.

Wo Bar Beach ní Victoria Island. Láàárín 1908 sí 1912, àwọn òyìnbó amúnisìn kó òkúta ńlá sínú òkun lẹ́nu ọ̀nà èbúté, kí ọkọ̀ ńlá lè máa rí ọ̀nà gbà. Iyanrìn tó ń bá ìgbì rìn láti ìwọ̀ oòrùn lọ sí ìlà oòrùn kò rí ọ̀nà kọjá mọ́. Ó jókòó sí apá kan, apá kejì sì ń jẹrà lọ. Òkun jẹ etíkun Victoria Island, ó sì wọlé ju kìlómítà kan lọ ní ibi kan. Nígbà tó yá, wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í da iyanrìn padà sínú òkun láti fi kọ́ ìlú tuntun Eko Atlantic, tí ìwọ̀n ilẹ̀ rẹ̀ yóò tó mítà 10,000,000 níbùú lóròó. Ẹni tó bá gbé àga lọ sí Bar Beach ní 1975 tó ya ohun tó rí, kò sí ibi tí ẹnikẹ́ni lè dúró sí lónìí kó tún un rí.

Ṣé o mọ̀ pé Third Mainland Bridge, tí wọ́n ṣí ní 1990, tó gùn tó bíi kìlómítà 11.8, ni afárá tó gùn jù ní Áfíríkà títí di 1996? Orí rẹ̀ ni ọ̀pọ̀ ará Èkó ti ń rí ọ̀sà lójoojúmọ́, nínú bọ́ọ̀sì, pẹ̀lú orí tó ń tòògbé. Mo máa ń fẹ́ kí àwọn tó ń ti Ìkejà lọ Erékùṣù la ojú wọn fún ìṣẹ́jú díẹ̀ yẹn.

Ó yá, ẹ jẹ́ ká padà sí Ìkejà. Ṣé o mọ̀ pé ilé iṣẹ́ ọ̀dà Berger wà ní òpópónà Ọba Akran, àti pé 1959 ni wọ́n forúkọ rẹ̀ sílẹ̀ ní Nàìjíríà? Orúkọ yẹn ti ọ̀dọ̀ Lewis Berger wá, ọmọ Jámánì kan tó dé London ní 1760, tó ń ṣe búlúù kan tí wọ́n ń pè ní Prussian blue. Ìlú Berlin ni wọ́n ti ṣèèṣì rí búlúù náà ní ìbẹ̀rẹ̀ ọgọ́rùn-ún ọdún kejìdínlógún. Kí tó dìgbà náà, búlúù tó dára jù fún ayàwòrán Yúróòpù ni èyí tí wọ́n ń lọ̀ láti ara òkúta tó ń ti Afghanistan wá, ó sì wọ́n bíi góòlù. Búlúù Berlin yìí dé Japan nínú ọkọ̀ oníṣòwò, ó sì bọ́ sọ́wọ́ Hokusai, ẹni nǹkan bí ọdún 70, tó fi ya ìgbì ńlá tó fẹ́ gbé ọkọ̀ apẹja mì, ní bíi 1831. Àwòrán òkun tí gbogbo ayé mọ̀ jù lọ nìyẹn. Búlúù tó gbé àwòrán yẹn dìde ló kọ́kọ́ fi orúkọ Berger sára ọkọ̀ àti pátákó tí à ń rí ní Ọba Akran.

Àwa náà ní búlúù tiwa, ewé ẹlú. Ṣùgbọ́n aṣọ ni aró ẹlú ń pa, ó nílò ìkòkò, eérú àti sùúrù aláró. Ayàwòrán olóròóró ń ra tirẹ̀ nínú túùbù.

Ṣé o mọ̀ pé túùbù yẹn fúnra rẹ̀ ló gbé ayàwòrán dé etí òkun? Kí tó di 1841, àpò ìtọ̀ ẹlẹ́dẹ̀ ni wọ́n ń di ọ̀dà olóròóró sí. Wọ́n á fi abẹ́rẹ́ lu ú, wọ́n á fún un jáde, ìyókù á sì gbẹ. John Goffe Rand, ayàwòrán ọmọ Amẹ́ríkà, ló ṣe túùbù onírin tó ní ìdérí. Láti ìgbà náà, èèyàn lè kó àwọ̀ ogún sínú àpò, kó gbéra lọ sétí omi. Claude Monet, tó dàgbà ní ìlú èbúté Le Havre, tí Eugène Boudin sì kọ́ láti máa ya àwòrán níta gbangba, ya òwúrọ̀ èbúté náà ní 1872: oòrùn pupa kan, kùrukùru, ọkọ̀ kékeré méjì mẹ́ta. Olè jí àwòrán náà gbé ní Paris ní 1985. Wọ́n rí i padà ní 1990.

Ọ̀dà ilé àti ọ̀dà ayàwòrán kì í gbẹ bákan náà. Èyí tí akunlé ń lò sára ògiri, omi inú rẹ̀ ló ń fẹ́ lọ. Ọ̀dà olóròóró kò ní omi tó máa fẹ́ lọ. Òróró irúgbìn flax inú rẹ̀ ń fa afẹ́fẹ́ mọ́ra títí á fi le, ó sì lè gba oṣù púpọ̀ kó tó gbẹ dénú. Ọ̀rinrin Èkó ò ṣe é lóore, èébu a máa hù lẹ́yìn kánfáàsì tí afẹ́fẹ́ kò kàn.

Ṣé o mọ Edward Mitchell Bannister? Èèyàn dúdú ni, tí wọ́n bí ní nǹkan bíi 1828 ní ìlú etíkun St. Andrews ní Kánádà. Bàbá rẹ̀ ti Barbados wá. Ó ṣiṣẹ́ nínú ọkọ̀ ojú omi, ó gẹrun fún èèyàn ní Boston, ó sì ń kọ́ àwòrán kíkùn lẹ́gbẹ̀ẹ́. Ní 1867 ìwé ìròyìn New York Herald kọ ọ́ pé èèyàn dúdú lè fẹ́ràn iṣẹ́ ọnà ṣùgbọ́n kò lè ṣe é. Ọ̀rọ̀ yẹn wọ̀ ọ́ lára. Ní 1876, níbi ìpàtẹ ńlá Philadelphia, àwòrán igi óákù tó yà gba àmì ẹ̀yẹ onídẹ. Nígbà tó lọ béèrè bóyá lóòótọ́ ni, àwọn tó wà níbẹ̀ fojú pa á rẹ́, kò sí ẹni tó fẹ́ dá a lóhùn, títí tí wọ́n fi mọ̀ pé òun gan-an ló ya àwòrán náà. Wọ́n fẹ́ gba àmì ẹ̀yẹ náà padà. Àwọn ayàwòrán aláwọ̀ funfun tó bá a díje ló kọ̀ jálẹ̀. Ó ra ọkọ̀ ìgbòkun, ó ń tù ú kiri lójú omi Rhode Island, ó ń wo òfurufú àti ìkùukùu, ohun tó rí ló sì ń yà títí tó fi kú ní 1901. Mo fẹ́ kí gbogbo ọmọ tó ń kọ́ àwòrán ní Èkó mọ orúkọ yìí kí wọ́n tó mọ ti Monet.

Ṣé o mọ̀ pé àwòrán òkun lè jẹ́ ẹ̀rí? Ní 1840, Turner, ayàwòrán ará Ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ya ọkọ̀ ẹrú nínú ìjì, ọwọ́ àti ẹsẹ̀ èèyàn pẹ̀lú ṣẹ́kẹ́ṣẹkẹ̀ ń rì nínú omi pupa. Ó ní ìtàn ọkọ̀ Zong ti 1781 lọ́kàn, níbi tí àwọn atukọ̀ ti ju èèyàn Áfíríkà tó lé ní 130 sínú òkun láàyè, torí owó ìdójútòfò. Boston ni àwòrán náà wà lónìí. Etíkun tiwa, láti Badagry dé Èkó, wà lára ibi tí irú ọkọ̀ bẹ́ẹ̀ ti ń kó èèyàn. Èmi ò lè wo oòrùn tó ń wọ̀ lórí òkun Badagry kí n má rántí rẹ̀.

Nítòsí wa ní Accra, ayàwòrán Ablade Glover, tí wọ́n bí ní 1934, gbé ilé ìpàtẹ Artists Alliance kalẹ̀ létí òkun. Ọ̀bẹ pẹlẹbẹ ló fi ń lẹ ọ̀dà, kò fi bẹ́ẹ̀ lo búrọ́ọ̀ṣì.

Ṣé o mọ̀ pé ọdún 2008 ni Arthouse bẹ̀rẹ̀ gbànjo àwòrán ní Èkó? Ọdún kan náà ni wọ́n dá ẹgbẹ́ àwọn ayàwòrán tí iṣẹ́ ọnà nìkan ni iṣẹ́ wọn sílẹ̀, Guild of Professional Fine Artists of Nigeria, tí Ọlákù jẹ́ ọmọ ẹgbẹ́ rẹ̀. Kí gbànjo tó dé, iye tí ọlọ́jà bá dá lé àwòrán nínú ìyẹ̀wù rẹ̀ ni. Nísinsìnyí, iye náà di ohun tí gbogbo èèyàn ń gbọ́.

Ṣé o mọ̀ pé Maryland, tó fara ti Onígbòǹgbò, ni Ọmọọba Yẹmisí Shyllon ti kó ẹgbẹẹgbẹ̀rún iṣẹ́ ọnà jọ? Ó dá àjọ OYASAF sílẹ̀ ní 2007. Lẹ́yìn náà ó fi iṣẹ́ 1,000 ta Pan-Atlantic University lọ́rẹ, wọ́n sì ṣí ilé àkójọpọ̀ tó ń jẹ́ orúkọ rẹ̀ ní Ìbẹ́jú-Lẹ́kkí ní oṣù kẹwàá ọdún 2019. Ẹni tó bá fẹ́ rí àwòrán gidi, tí kì í ṣe ti ojú fóònù, kó mú ọmọ rẹ̀ dání lọ síbẹ̀. Fóònù kì í fi bí ọ̀dà ṣe nípọn hàn, nínípọn yẹn ló sì ń gbé ìmọ́lẹ̀ fìtílà jáde lára omi dúdú.

Bí o bá sì ní àwòrán olóròóró nílé, ní Onígbòǹgbò wa níbí: má gbé e kọ́ síbi tí èéfín jẹnẹrétọ̀ ti ń wọlé, má fi aṣọ tútù nù ún. Fi kọ́kì kékeré méjì sẹ́yìn férémù nísàlẹ̀, kí afẹ́fẹ́ lè gba àárín rẹ̀ àti ògiri kọjá. Bó bá ti pẹ́ nínú yàrá òkùnkùn tí funfun rẹ̀ wá ń pọ́n rúsúrúsú, má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni fi ọ̀dà kùn ún lórí. Gbé e wá síbi tí ìmọ́lẹ̀ ọ̀sán ń dé, kí oòrùn má sì kàn án ní tààrà. Láàárín ọ̀sẹ̀ mélòó kan, pupa náà á bẹ̀rẹ̀ sí í ṣí kúrò.